Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Jẹ́ Kí N Bínú Tèmi

Ní ìlú Ìbàdàn níbi tí mò ń gbé, ìbínú kò wọ́n, kò sì sí ẹni tó ń gba owó rẹ̀. Awakọ̀ ń bínú sí ọlọ́kadà, ọlọ́kadà ń bínú sí ẹni tó gbé, ẹni tó gbé ń bínú sí ìjọba. Ìyá alátà ń bínú sí gbogbo ẹni tó bá tẹ tòmátì rẹ̀ wò tí kò rà á. Bàbá kan wà ní òdìkejì ilé wa tó máa ń bọ́ síta láàárọ̀, tí á dojú kọ ewúrẹ́ kan tí kì í ṣe tirẹ̀, tí á sì máa bú u láti orí ìyá títí dé orí bàbá. Àwọn èèyàn á kọjá, wọn á ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Alàgbà." Kò sí ẹni tó tíì mú Alàgbà lọ síbì kankan.

Èmi nìkan ni mi ò gbọdọ̀ bínú. Mo ní káàdì.

Káàdì ọ̀hún kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ni wọ́n ti fún mi. Orúkọ mi wà lára rẹ̀, nọ́ńbà mi wà níbẹ̀, ọjọ́ tí mo tún gbọ́dọ̀ padà wá náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní irú rẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní irú rẹ̀, á tún máa fi yangàn nípàdé ẹgbẹ́ pé, "Dókítà mi ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣúgà." Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí àdúgbò ti gbọ́ pé mo ní tèmi, inú mi kì í ṣe tèmi mọ́. Bí mo bá bínú, àìsàn ló dé. Bí mo bá rẹ́rìn-ín pẹ́, àìsàn ló dé. Bí mo bá dákẹ́, háà, ẹ sáré wá, ó ti ń dákẹ́ o!

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná. Àwọn oníná mú bíìlì wá fún oṣù kan tí a kò rí iná rárá, wọ́n sì kọ owó sí i bí ẹni pé a fi iná ọ̀hún yan ẹran odindi màlúù. A pe ìpàdé. Ìyá Ṣadé lu àyà, ó ní bí wọ́n bá padà wá gé wáyà, òun á bọ́ra sí ìhòòhò níwájú wọn. Ọmọkùnrin tó ń ta káàdì fóònù ní òun á jẹ́ kí oníná gun àkàbà dókè, òun á wá yọ àkàbà náà kúrò. A pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wá kàn mí. Mo dìde, mo ní, "Olè ni wọ́n!" Ohùn mi lọ sókè díẹ̀, mi ò jiyàn. Gbogbo ìpàdé dákẹ́ lọ gbári. Ìyá Ṣadé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bọ́ra sí ìhòòhò, rọra di ọwọ́ mi mú, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Bọ̀dá Télọ̀, ṣé ẹ ti lo oògùn yín lónìí?"

Mo ti lò ó. Àràárọ̀ ni mo máa ń lò ó, lẹ́yìn oúnjẹ. Bíìlì náà ṣì jẹ́ olè.

Mi ò sọ pé àìsàn kò ṣe mí rí o. Ó ṣe mí, ó sì ṣe mí dáadáa. Oorun kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wá gba ipò rẹ̀. Mò ń ránṣọ lóru, mò ń sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, mo wá pinnu pé gbogbo ará Ìbàdàn pátá ni yóò wọ aṣọ ẹbí kan ṣoṣo, èmi ni n ó sì rán an. Mo ti gba ànkárá láwìn ní ọjà Gbági débi pé àwọn ọmọṣẹ́ mi kò ríbi jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ̀ wòlíì ni àwọn ẹbí kọ́kọ́ gbé mi lọ. Wòlíì ní kí n gbààwẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ẹni tí kò sùn, ẹ tún ní kó má jẹun! Ìyá mi ló wá fa aṣọ wòlíì ya, tó sì wọ́ mi kúrò níbẹ̀. Ìyá mi bínú lọ́jọ́ yẹn kọjá àlà, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè oògùn.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni ara mi ti yá. Mo ní láti sọ ìyẹn kedere, torí bí irú wa bá ti ráhùn, wọn á ní a kò moore. Abẹ́rẹ́ wọn ṣiṣẹ́, oògùn wọn ṣiṣẹ́, dókítà tó kọ́kọ́ rí mi jẹ́ ọmọlúàbí èèyàn. Láti ẹnu géètì dé iwájú dókítà ni wàhálà mi wà.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo wa á dorí kodò, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ará àdúgbò rí òun. Bí èèyàn méjì tó mọra bá wá ṣe kòńgẹ́, irọ́ ni wọ́n á máa pa fún ara wọn. "Mo kàn wá kí ẹnì kan ni o." "Èmi náà, ẹnì kan ni mo wá kí." Bẹ́ǹṣì kún fún àwọn tó wá kí ẹnì kan, kò sì sí ẹni tí à ń kí. Akọ̀wé kan á wá jáde, ọmọ tí mo lè bí, á kó fáìlì dání, á pariwo bí ẹni ń polówó ẹ̀kọ tútù: "Télọ̀ ará Mọ́kọ́lá, ìwọ tí o kì í sùn yẹn, níbo lo wà?" Lọ́jọ́ tó pè mí bẹ́ẹ̀, obìnrin kan tí mo rán búbù fún wà lórí bẹ́ǹṣì kejì, òun náà wá kí ẹnì kan. Kí n tó délé, ìròyìn mi ti dé ibùdókọ̀ ṣáájú mi.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ fún wọn. Àwọn dókítà ọpọlọ tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 300, àwa tí wọ́n fẹ́ tọ́jú sì ju 200 mílíọ̀nù lọ, àwọn tó ṣẹ́kù náà tún ń wá físà. Bí dókítà bá kánjú lórí ọ̀rọ̀ mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n èèyàn kò nílò oyè dókítà kó tó rẹ ohùn sílẹ̀.

Ti ẹ̀gbọ́n mi tún wà ńbẹ̀. Òun ló máa ń tẹ̀ lé mi lọ nígbà náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A óò wọlé, dókítà tó bá wà lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà á kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, á ní, "Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń sùn? Ṣé kì í sọ ìsọkúsọ?" Èmi rèé láàárín wọn, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò tí mo fi ọwọ́ ara mi rán, ẹnu mi wà lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ pé Ọ̀yọ́ ló ń gbé, tí kì í rí mi àfi ìgbà ọdún àti ọjọ́ ilé ìwòsàn, á wá ronú, á ní, "Ó ń jẹun, ṣùgbọ́n ó ti ń yan oúnjẹ." Dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀wà ló ń sọ! Mi ò fẹ́ràn ẹ̀wà. Láti kékeré ni mi ò ti fẹ́ràn ẹ̀wà, ìyá mi lè jẹ́rìí sí i. Ẹ̀wà ti wọ fáìlì ìjọba gẹ́gẹ́ bí àmì àìsàn.

Nígbà tí wọ́n yí oògùn mi padà, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọwọ́ gbígbọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún télọ̀, torí kọ́là tí mo bá rán á wọ́ sápá kan, oníṣọ̀ọ́ṣì tó wọ̀ ọ́ á dà bí ẹni tó ń yọjú wo ẹ̀yìn. Mo wá béèrè pé, oògùn yìí, kí ni wọ́n ń pè é, kí ló ń ṣe, ṣé òmíràn wà tí kì í gbọn èèyàn lọ́wọ́? Nọ́ọ̀sì wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìbéèrè rẹ ti ń pọ̀ jù o." Wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi tó ń lọ sí Pólì ló wá sọ fún mi pé òfin wà. Ó lọ tẹ̀ ẹ́ jáde, ó mú un wá fún mi lórí bébà tó ṣì gbóná. Òfin Ìlera Ọpọlọ ni. Ọdún 2021 ló wà lára orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i. Ẹ má sì rò pé ó yá. Láti 2003 ni irú àbá òfin yìí ti ń wọ ilé aṣòfin tó ń jáde. Ní gbogbo ogún ọdún yẹn, òfin tó ń darí wa ni èyí tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe ní 1916, tí wọ́n tún kó wọ inú ìwé òfin ní 1958. Òfin Àwọn Wèrè ló ń jẹ́. Mi ò fi iyọ̀ sí i. Bí wọn yóò ṣe kó ẹni tó ń dààmú ìgboro kúrò nílẹ̀ ló jẹ òfin yẹn lógún, kì í ṣe bí ara rẹ̀ yóò ṣe yá. Ẹ wo àwọn ilé tí wọ́n kó wọn sí: Yábà tó ṣí ní 1907, ibi ìtìmọ́lé lásán ni kò tó wá di ilé ìwòsàn, Láńtorò ní Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀.

Ti tuntun yìí yàtọ̀. Ó ní mo ní ẹ̀tọ́ tí gbogbo ọmọ ènìyàn ní. Ó ní kí wọ́n ṣàlàyé ìtọ́jú fún mi, kí wọ́n sì gba àṣẹ lẹ́nu mi. Ó ní àṣírí mi ni àìsàn mi. Ó ní mo lè rí ohun tí wọ́n kọ nípa mi. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àìsàn dù mí ní ilé tàbí iṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ dá mi dúró sí ilé ìwòsàn láìjẹ́ pé mo fẹ́, ìlànà wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, ìgbìmọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà tí yóò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. (Òfin náà kò fọwọ́ kan ẹsẹ 327 nínú ìwé òfin ọ̀daràn ti gúúsù o, èyí tó ní ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ tí kò kú lè fẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Ẹni tí ayé sú, ẹ ní kó wá wo ọgbà ẹ̀wọ̀n, bóyá ayé á dùn mọ́ ọn! Òfin ti Èkó ní 2011 tiẹ̀ sàn díẹ̀: ilé ìwòsàn ni wọ́n ní kí adájọ́ fi í ránṣẹ́ sí.)

Mo ka òfin náà tán, inú mi dùn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi náà gbọ́dọ̀ gbọ́. Mo gbé ìwé náà dání, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, mo ní ẹ̀tọ́!" Ó wo ìwé, ó wo ojú mi. Ó ní òun ń bọ̀. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù: "Ẹ̀yin ìyá wa, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Ó ní òun ní ẹ̀tọ́."

Ibi tí bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀ gan-an nìyí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lè sọ pé wọn kò tọ́jú òun dáadáa, wọn á sì gbọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n fa eyín rẹ̀ tí kì í ṣe eyín tó ń dùn ún lè gbé dókítà lọ sí kóòtù. Èmi, bí mo bá ti la ẹnu, ẹ̀sùn tí mo fẹ́ fi sùn á di ẹ̀rí pé kí wọ́n má gbọ́ mi. Bí mo bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, wọn á ní oògùn ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n má dín in kù. Bí mo bá fi ohùn líle sọ ọ́, wọn á ní oògùn kò ṣiṣẹ́, kí wọ́n fi kún un. Mo bi akọ̀wé pé níbo ni ìgbìmọ̀ tí òfin sọ wà. Ó ní kí n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá. Ọ̀gá ta ni? Ọ̀gá tirẹ̀ ni! Mo kọ lẹ́tà náà, mo rọra kọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ọwọ́ mi má baà hàn pé ó ń gbọ̀n. Mo mọ ibi tó wà báyìí. Ó wà nínú fáìlì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà.

Lándíléèdì mi náà gbọ́ ìròyìn tó ti ibùdókọ̀ wá. Ó pè mí, ó ní kí n bá òun wá ilé mìíràn, kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ kankan o, ọmọ òun ló fẹ́ kó sí yàrá náà. Ọmọ tó wà ní Kánádà! Ó fẹ́ máa ti Kánádà wá sùn ní Mọ́kọ́lá.

Mo fẹ́ kí lándíléèdì gbọ́ ìtàn Arò. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, dé láti ìlú òyìnbó láti wá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Arò nílùú rẹ̀. Wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn ibẹ̀ parí. Bàbá kò jókòó ti bíríkì. Ó lọ bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn àgbààgbà abúlé tó yí Arò ká, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sínú ilé wọn gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Aláìsàn á mú ẹbí rẹ̀ kan wá tí yóò máa dáná fún un. Láàárọ̀, á rìn lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà. Bó bá di ọ̀sán, á padà sí abúlé, á bá wọn ṣe oko, á bá wọn jókòó lábẹ́ igi, á bá wọn jó bí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó. Àwọn onílé ń gba owó ilé wọn, ilé ìwòsàn tiẹ̀ tún yá àwọn kan lówó kí wọ́n lè kọ́ yàrá kún yàrá. Lámbò kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sẹ́yìn, ó bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Gbogbo ayé wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àjọ ìlera àgbáyé sì fi Lámbò ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà wọn nígbà tó yá.

Àwọn àgbẹ̀ ni o. Wọ́n gba ẹni tí àìsàn ṣì wà lára rẹ̀ sínú ilé, wọ́n sì ń bá a jẹun. Lándíléèdì mi gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì méjì, ó gbé wọn kọ́ pálọ̀, kò sì lè gba ẹni tí ara rẹ̀ ti yá. Owó ilé tí mo ti san kalẹ̀ náà, kò tíì dá èyí tó kù padà.

Mo mọ̀ pé ojú àwọn kan ń rí ju tèmi lọ, mi ò ní fi ìyẹn ṣàwàdà. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lẹ́yìn tí wọ́n dé ibi 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ilé àwọn oníṣègùn, nínú àwọn ilé ìtọ́jú mùsùlùmí àti lábẹ́ ìjọba pàápàá, wọ́n bá àwọn èèyàn tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́lẹ̀, àwọn mìíràn fún oṣù, àwọn mìíràn fún ọdún. Ibi tí wọ́n ń sùn ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yàgbẹ́. Bí kì í bá ṣe pé ìyá mi lágbára láti fa aṣọ wòlíì ya, bóyá ibẹ̀ ni mo wà báyìí. Ní Bẹ̀nẹ̀ tó múlé tì wá àti ní Ivory Coast, ọkùnrin kan wà tó fi ìgbésí ayé rẹ̀ bọ́ irú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ àwọn èèyàn, tó sì dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀ láti máa tọ́jú wọn. Grégoire Ahongbonon ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Kì í ṣe dókítà. Fọkanáísà ni, táyà ló ń lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fọkanáísà àdúgbò tiwa nìyẹn, ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá, ó ṣì ń gba owó lọ́wọ́ wa.

Àwọn àgbà tó pa òwe pé bí wọ́n bá wo wèrè sàn, yóò ku èyí tí yóò fi máa dẹ́rù ba ọmọdé, mo ní ọ̀rọ̀ bá wọn sọ lọ́run. Òwe yẹn ni àwọn oníbàárà mi ń gbé kiri. Wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀bù, àlùmọ́gàjí ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò. Èyí tó fẹ́ kí n wọn èjìká òun á dúró ní ẹnu ọ̀nà, á ní kí n máa fojú wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ mi ni àlùmọ́gàjí! Ṣé kí n máa fi eyín gé aṣọ ni?

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù, wọn kì í bú mi mọ́. Télọ̀ kan kì í wà kí wọ́n má bú u. Nígbà tí mo ní òkìkí, bí mo bá sọ pé aṣọ ti fẹ́ parí, ó ku bọ́tìnnì nìkan, nígbà tí mi ò tíì gé e rárá, oníbàárà á kanlẹ̀ bú mi, á ní òun á sọ aṣọ òun di aṣọ ìsìnkú mi, á sì padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Báyìí, bí mo bá ti ní ó ku bọ́tìnnì, wọ́n á ní, "Ẹ má dààmú ara yín, Bọ̀dá Télọ̀, ìlera yín ló ṣe pàtàkì." Wọ́n á rọra ká aṣọ wọn, wọ́n á gbé e lọ fún ọmọ kékeré kan tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rán àpò.

Ìyẹn ló mú mi dé orí Ìyá Ìyàwó. Wọ́n fi ọmọ wọn fọ́kọ nínú oṣù Kejìlá. Èmi ni mo rán aṣọ ẹbí, èmi ni mo rán ti ìyá, ti bàbá, ti àwọn àbúrò, ti ọmọdé tó gbé òdòdó. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n jó nínú rẹ̀, mo rí wọn nínú fọ́tò. Wọn kò tíì san kọ́bọ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ béèrè, Ìyá Ìyàwó á gbé ohùn sókè kí gbogbo àgbàlá lè gbọ́: "Bọ̀dá Télọ̀! Ara yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń sùn dáadáa? Ẹ máa sinmi o!" Àwọn ará ilé á sì yọjú, wọ́n á bẹ̀ mí kí n má gbé ọ̀rọ̀ owó sọ́kàn, kó má baà tún di wàhálà. Ẹni tó jẹ gbèsè á máa ṣàánú mi, ẹni tí wọ́n jẹ lówó á máa dúpẹ́.

Ó tó. Ìyá Ìyàwó, bí ẹ bá ń ka èyí, mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ní déédé aago mẹ́rin tí ìpàdé àdúgbò bá ti kún. Mo máa pariwo. Mo máa lu tábìlì. Mo máa dárúkọ gbogbo aṣọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye owó rẹ̀, títí kan ti ọmọ tó gbé òdòdó. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Mo máa ti lo oògùn mi kí n tó kúrò nílé.